Ọlábíyìí Yai: Ẹni tí ó rí ìṣàyàn nínú àṣà

Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Babalọlá Yai ti papò dà ní ọdún 2020, oyè rẹ̀ ni a sábà máa ń kà bí a bá ń rántí rẹ̀: aṣojú ilẹ̀ Benin ní UNESCO, alága Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ibẹ̀ láti 2007 sí 2009. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n oyè kì í ṣe iṣẹ́.

Iṣẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yìí hàn kedere nínú àròkọ tí ó gbé jáde ní 1993 lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ó tú ọ̀rọ̀ náà "àṣà" palẹ̀, ó rí "ṣà" nínú rẹ̀: ohun tí a ṣà ni àṣà, kì í ṣe ẹrù tí bàbá kàn gbé ru ọmọ. Ó tún ní kí a máa wo iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan bí oríkì. Bí a bá fi ojú yìí wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ alùpùpù sórí ère kò ba àṣà jẹ́. Ṣíṣà ni ó ṣà.

Àléébù kan ni mo rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ àròkọ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ náà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, tí ilé ẹ̀kọ́ fi Faransé kọ́, kò lè kà á. Kò yẹ kí ẹni tí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ di àlejò níbi tí a ti ń sọ ọ́. Dípò kí a máa ka oyè rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí a tú àròkọ náà sí Yorùbá, kí a sì kà á sókè létí àwọn àgbà. Oríkì tí ó yẹ ẹ́ nìyẹn.