Ta Ló Pa Ẹfúnṣetán?

Òjò sé mi mọ́lé ní Festac lánàá, mo bá tún Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ kà. Èdè rẹ̀ dùn, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn. Ìparí rẹ̀ ni ò tẹ́ mi lọ́rùn: Ìyálóde fọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìtàn tí Samuel Johnson kọ. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè. Kúmúyìlò, ọmọ tó gbà tọ́, lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ náà. Àwọn ẹrú rẹ̀ ló pa á lóru. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò sọ pé kò ṣìkà o. Ṣùgbọ́n obìnrin olówó tí kò ní àrólé, ọwọ́ ta ni ogún rẹ̀ máa bọ́ sí? Májèlé inú eré yìí ti bo ìbéèrè yẹn mọ́lẹ̀, Látòósà wá di olùgbàlà.