Àwọ̀ Tí À Ń Bọ́ Lára Bàálù Àtijọ́

Níbi tí wọ́n ti ń fi bàálù àtijọ́ dárà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Duxford tàbí Old Warden, ó ṣòro láti rí ayàwòrán tí kámẹ́rà rẹ̀ kì í gba àwọ̀. Síbẹ̀, kí fọ́tò tó dé ojú aráyé, ọ̀pọ̀ wọn a ti bọ́ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí yóò fi ku dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú. Bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n á ní kí Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, lè jọ ti ọdún 1940 ni. Èmi ò rí i pé ìdí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Fọ́tò àná tí a fi ẹ̀wù àtijọ́ wọ̀ kò ní ohun tí fíìmù àtijọ́ ní, pàápàá jù lọ àṣìṣe rẹ̀.

Àṣìṣe yẹn gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Fíìmù tó wọ́pọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní kì í rí pupa. Ohun tó bá pupa á jáde bíi dúdú, yẹ́lò á ṣú, búlúù á sì ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Ẹ wo àmì róbótó tó wà lápá bàálù Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un: búlúù ló wà létí, funfun tẹ̀ lé e, pupa wà láàárín gbùngbùn. Nínú fọ́tò ìgbà náà, àárín yẹn dúdú kirikiri, etí rẹ̀ sì ṣá. Ti Faransé rí òdìkejì: pupa létí, búlúù láàárín, nítorí náà etí ló ń dúdú. Ẹni tó bá mọ èyí á fi àwọ̀ eérú lásán mọ bàálù Faransé yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Wàyí o, ya irú àmì Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ lónìí, kí o tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo tó ń bọ́ àwọ̀. Búlúù á ṣú ju pupa lọ, àmì náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti Faransé lójú ẹni tó mọ fọ́tò àtijọ́ kà. Ayàwòrán tó ní òun ń dá bàálù padà sí 1917 ti gbé e kọjá òkun lọ sọ́dọ̀ Faransé.

Bàálù Manfred von Richthofen, akíkanjú ọmọ Jámánì tó kú lójú ogun ní April 1918, ló fara gbá ọ̀rọ̀ yìí jù. Òkìkí pupa rẹ̀ kàn káyé, dúdú ni fọ́tò sì ń pè é.

Àwáwí kejì ni pé kò sí fíìmù aláwọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Irọ́ gbuu ni. Kodachrome, fíìmù aláwọ̀, ti wà fún kámẹ́rà láti 1936, Agfacolor àwọn ará Jámánì náà jáde lọ́dún yẹn. Fíìmù aláwọ̀ ni William Wyler, olùdarí sinimá, fi ya àwọn tó ń fò nínú bàálù ogun B-17, eré Memphis Belle tó ti inú rẹ̀ wá sì jáde ní 1944. Ní October 1942, Alfred Palmer, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ́fíìsì ìròyìn ogun ìjọba Amẹ́ríkà, ya fọ́tò aláwọ̀ ní ilé iṣẹ́ North American Aviation ní Inglewood, California, wọ́n sì wà ní Library of Congress di òní. Nínú irú fọ́tò ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó súnmọ́ yẹ́lò tí wọ́n ń kùn sí àwọn ẹ̀yà inú bàálù kí alumíníọ̀mù má baà jẹrà. Bọ́ àwọ̀ rẹ̀, ọ̀dà àti irin á di eérú kan náà. A ò ní mọ èyí tí wọ́n ti kùn yàtọ̀ sí èyí tí wọn ò tíì kùn.

Ṣùgbọ́n ká má sọ àwọ̀ di ẹlẹ́rìí òdodo. Kodachrome ìgbà náà lọ́ra, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi mọ́ rekete nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀, tí gbogbo èèyàn sì dúró jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ ìjọba sì ni irú fọ́tò Palmer. Wọ́n fẹ́ kí ogun dùn ún wò. Fíìmù dúdú-funfun ló ya ìkùukùu, ìdààmú àti ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó yẹ kó darí ayàwòrán, lójú tèmi, ni ibi tí bàálù gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Spitfire gbé tirẹ̀ sínú ọ̀dà. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1940; láti August 1941 ni eérú ti rọ́pò àwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá rí ewé pẹ̀lú ilẹ̀ ti mọ ìgbà tí bàálù náà ń ṣojú fún. Bọ́ àwọ̀ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ bá a lọ.

Bàálù Blériot XI ti 1909 tó wà ní Old Warden kò rí bẹ́ẹ̀. Igi, aṣọ àti okùn wáyà ni, egungun rẹ̀ sì hàn síta. Àwọ̀ kì í ṣe nǹkan kan fún un. Ibi tí wáyà ti fa igi le dandan ni ojú ń wá. Dúdú-funfun yẹ ẹ́. Ó tún ń gba ayàwòrán lọ́wọ́ aṣọ ìdáàbòbò yẹ́lò tí àwọn òṣìṣẹ́ pápá ń wọ̀, ìdí tí ọ̀pọ̀ ò jẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n tó ṣe é gbà.

Ní ti àwọ̀ ilẹ̀ wẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dà bo fọ́tò kó lè dà bí ògbólógbòó, mi ò ní lò ó. Kẹ́míkà tó máa ń mú fàdákà inú fọ́tò pẹ́ ló bí i. Orí kọ̀ǹpútà ò ní fàdákà.

Mustang, bàálù ogun Amẹ́ríkà, tí wọn ò kùn lọ́dà ló le jù. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó fi Duxford ṣe ibùdó, 78th Fighter Group, fi dúdú àti funfun ya imú bàálù wọn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ní June 1944, wọ́n tún fi ìlà dúdú àti funfun sí ìyẹ́ bàálù Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn ará wọn má baà yìnbọn fún wọn. Èèyàn á rò pé irú bàálù bẹ́ẹ̀ ti yan dúdú-funfun fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, irin dídán àti ọ̀dà funfun á dọ́gba, ìdajì àmì náà á wọ inú irin lọ. Tí oòrùn ò bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, má ṣe bọ́ àwọ̀, torí àwọ̀ tó ń dán lára irin nìkan ló kù tó lè yà á kúrò lára funfun.