Àkísà Àgbà: Ipò Aṣọ Nínú Ère Yinka Shonibare

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Orílẹ̀-èdè náà ní àkísà tirẹ̀: àwọn àmì tí wọ́n ti lò láyé ọlá, tí ó ti gbó mọ́ wọn lójú, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irú àkísà bẹ́ẹ̀ ni Yinka Shonibare fi ń ṣe ère. London ni a bí i sí ní ọdún 1962, Èkó ni ó gbé dàgbà, London ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé ohun tí aṣọ ń ṣe lára ère kọ̀ọ̀kan ni a fi lè mọ bí ọ̀rọ̀ òṣèlú inú rẹ̀ ti múná tó.

2. Aṣọ tí ó ń gbé ọkọ̀ rìn

Ní Trafalgar Square ní London, ère Nelson wà lórí òpó gíga. Nelson ni ọ̀gágun ojú omi tí ó kú sínú ọkọ̀ Victory ní ọdún 1805, ní ọjọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Faransé àti Sípéènì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, wọ́n gbé Nelson's Ship in a Bottle sórí pèpéle kẹrin gbàgede náà: ọkọ̀ Victory tí a ṣe ní ìwọ̀n ìdá kan nínú ọgbọ̀n, tí a sé mọ́ inú ìgò ńlá. Ọkọ̀ náà jọ ti àtijọ́, àfi ìgbòkun rẹ̀ 37. Aláràbarà bí àǹkárá ni gbogbo wọn.

Ẹni tí ó bá rí àǹkárá, Áfíríkà ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà ni wọ́n ń fi ìda ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń fi ẹ̀kọ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn ará Họ́láńdì fi ẹ̀rọ sín in jẹ, àwọn ará Manchester tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì rí ọjà tà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn lámèyítọ́ máa ń fi èyí parí ọ̀rọ̀, pé ohun tí à ń pè ní tiwa kì í ṣe tiwa. A kò jiyàn, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ìgbòkun ni ó ń gba afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ fi ń rìn. Aṣọ òwò ni Shonibare fi sí ibi tí agbára ọkọ̀ wà. Ohun tí ó ń wí ni pé òwò òkè òkun ni ó gbé ọlá ilẹ̀ náà rìn. Èkó mọ èyí dájú: ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọdún 46 péré lẹ́yìn ikú Nelson, ọmọ-ogun ojú omi kan náà yìnbọn lu ìlú náà, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní 1861, wọ́n gba Èkó. Aṣọ ni í bo àṣírí. Aṣọ yìí tú u ni.

3. Ara tí kò ní orí

Nínú Scramble for Africa (2003), ère 14 jókòó yí tábìlì kan ká. Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ni ó wà lórí tábìlì náà. Ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885 ni ó ń rán wa létí. Kóòtù òyìnbó àtijọ́ tí a fi àǹkárá rán ni wọ́n wọ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ó ní orí. Shonibare fúnra rẹ̀ so èyí mọ́ àwọn ọlọ́lá tí a bẹ́ lórí ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n Yorùbá yóò rí jù bẹ́ẹ̀. Agbẹ́gilére wa a máa gbẹ́ orí tóbi ju bí ó ti mọ lára ènìyàn lọ, nítorí orí ni ìpín ẹni wà. Ẹni tí kò ní orí ni ó wá jókòó tí ó ń pín ìpín ẹlòmíràn! A kò pe ọmọ Áfíríkà kankan sí ìpàdé náà. Aṣọ nìkan ni ó ṣojú wa, aṣọ tí a fi owó rà lọ́wọ́ wọn.

4. Aṣọ tí ó di awọ

Decolonised Structures (2022 sí 2023), tí wọ́n pàtẹ ní Serpentine ní London ní 2024, kò tẹ́ wa lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ère Ọbabìnrin Victoria, Churchill, Kitchener àti àwọn mìíràn ni ó ṣe àwòkọ wọn ní kékeré, tí ó sì kun ọnà àǹkárá sí wọn lára. Òótọ́ ni pé ó sọ wọ́n kalẹ̀ láti orí pèpéle. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a kò lè bọ́ kì í ṣe aṣọ mọ́. Orí wọn pé, ìdúró wọn kò yẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ni ọnà náà dà sí wọn lára. Inú ilé ni wọ́n sì wà, nígbà tí ọkọ̀ inú ìgò kojú Nelson ní ìta gbangba.

5. Ìkádìí

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé àwọn tí à ń bá wí kò ti gbé ìbáwí náà mì? Ọkọ̀ náà ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi ní Greenwich láti 2012, owó tí àwọn ará ìlú dá sì wà nínú èyí tí wọ́n fi rà á. Shonibare pẹ̀lú gba oyè CBE ní 2019, ó sì ń kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀. Èsì wa ni pé ẹ̀fẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, akọrin a máa bu ẹnu àtẹ́ lu ènìyàn ńlá lójú rẹ̀, onítọ̀hún a sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ohun tí ó lè pa á rẹ́ ni kí àwa tí a mọ ohun tí orí àti aṣọ jẹ́ dákẹ́, kí a fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wa. Kíláàsì Yorùbá ni ó yẹ kí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.