Ilé Àríyá Òru ní Èkó àti Ojú tí Lámèyítọ́ Fi Ń Wo Orin Jùjú àti Afrobeat

Ó ti di àṣà láàrin àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn láti máa da orin jùjú kọ sórí ìwé, kí a sì jókòó tì í bí ẹni jókòó ti ewì àpilẹ̀kọ. A ó tọ́ka sí òwe, a ó ka àwítúnwí, a ó wá dájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní Minna níbí ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí àwo Ebenezer Obey kan. Nígbà tí ó dé ibi tí olórin ti ń ki àwọn olówó lórúkọ, ó kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni ewì náà ti bàjẹ́: ìpọ́nni nítorí owó ni, bí ó bá jẹ́ òun ni olórin, òun ìbá gé e kúrò. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ẹnu bá a wí. Ọmọ náà kò dé Èkó rí. Ohun tí ó mọ̀ nípa òru ìlú etí òkun yẹn kò ju ohun tí ó ti inú kásẹ́ẹ̀tì jáde lọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń sanwó rẹ̀, àti àsìkò òru tí wọ́n ń kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ kí orin tó dé orí ìwé.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ilé àríyá kì í ṣe àpò lásán tí a kó orin sí. Ó wà lára ohun tí ó ń ṣẹ̀dá orin. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ orin Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba owó: ṣé ní ẹnu ọ̀nà ni, tàbí ní iwájú orí olórin?

Ẹnu ọ̀nà ni ti àwọn oníháílàífù. Bobby Benson ní Caban Bamboo tirẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú. Kakadu wà ní Alágoméjì ní Yábàá. Roy Chicago ń ṣeré ní Abalabi ní Mushin. Victor Olaiya, tí ó di olóògbé ní 2020, ní Stadium Hotel ní Sùúrùlérè. Owó ìwọlé àti owó ọtí ni ó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró. Àwọn tí ó sì ń wọlé kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà: Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ẹ̀dó àti Ìjọ́ wà níbẹ̀, akọ̀wé ìjọba lè jókòó ti oníṣòwò. Ta ni olórin yóò wá máa ki? Ìdí nìyí, lójú tèmi, tí ọ̀rọ̀ inú háílàífù kò fi pọ̀, tí èdè rẹ̀ fi ń yí láti orin kan dé èkejì, tí fèrè sì ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ. Nígbà tí Roy Chicago mú gángan wọ àárín àwọn fèrè náà, ó ń mú ohun tí ó ń pe ènìyàn lórúkọ wọ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti jẹ́ olóde. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ló tú ọjà náà ká, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn olórin tí ó jẹ́ ará ìlà-oòrùn padà sílé.

Jùjú ní tirẹ̀ kò ti ẹnu ọ̀nà wá. Ìpàdé ọ̀rẹ́ ní Ọlọ́wọ́gbowó ni Tunde King ti ń kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1930, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí òde àríyá tí a ta àtíbàbà sí ojú títì. Níbẹ̀, olóde ni ó pe olórin, àlejò ni ó sì ń fi owó mọ́ ọn níwájú orí. Orúkọ tí olórin dá ni ohun tí ó tà. Owó tí wọ́n fi mọ́ ọn lórí ni èsì. Nítorí náà, àyè sísilẹ̀ wà nínú orin náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá dìde jó lè bọ́ sí. Ẹ tún wo gígùn rẹ̀. Àwo àtijọ́ kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, jùjú kò ní láti kọ́ bí a ti ń gùn, nítorí pé lóde ilẹ̀ a máa mọ́ bá a lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, tí ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ rìn lóru, jíjókòó sóde títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ kì í ṣe ọ̀ràn ìgbádùn nìkan mọ́. Obey àti Sunny Ade pàápàá dá ilé tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Miliki Spot ti Obey àti Ariya ti Sunny ní Yábàá, ṣùgbọ́n àṣà òde ni wọ́n gbé wọ inú ilé.

A kì í gé orúkọ kúrò nínú rárà kí a tó kọ́ ọ ní kíláàsì. Kí ló dé tí a ń fẹ́ gé e kúrò nínú jùjú? Onírárà náà ń gba owó. Èyí kò wí pé gbogbo kíkì ni ó dára. Ibì kan wà tí olórin kàn ń so orúkọ mọ́ ohùn bí ẹni sá aṣọ. Ibòmíràn wà tí orúkọ bọ́ sẹ́nu gángan, tí gángan fà á dé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìlú ẹni náà, tí ohùn orin fúnra rẹ̀ sì yí nítorí rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni iṣẹ́ lámèyítọ́. Pé a sanwó kì í ṣe ẹ̀rí kankan.

Fela ni ó mú ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà padà wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sọ Kakadu di Afro-Spot. Lẹ́yìn náà ni Afrika Shrine wà ní Empire Hotel ní Ìdí-Òrò, títí àwọn sójà fi sun ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977. Shrine tún dìde ní òpópónà Pepple ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣeré kí ó tó kú ní 1997. Èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí ní 2000 ní Agídíngbì wà títí di òní. Ní Shrine, kò sí olóde tí a ń wò lójú, nítorí náà olórin lè bú ìjọba lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó fi sílẹ̀ fún yábìísì. Èlò orin tí ó ń dún pẹ́ títí kí ohùn tó wọlé, tí àwọn kan ń pè ní àṣejù, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Èyí tí ó tún ya lámèyítọ́ lẹ́nu jù ni pé bí Fela bá ti ṣe orin sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Àwo tí àwa ń pè ní orin, ibojì orin ni lójú ará Shrine.

Síbẹ̀, kí a má fi ẹnu ọ̀nà ṣe òmìnira. Ẹni tí ó sanwó wọlé láti gbọ́ èébú yóò fẹ́ gbọ́ èébú, àti pé nígbà tí a bá bú ọ̀tá rẹ̀ fún un títí ilẹ̀ fi mọ́, òun gan-an ni a ti ń kì. Èébú pàápàá lè di oríkì.

Ní 1982, ilé iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music ti Sunny Ade jáde fún àwọn tí kò mọ òde àríyá rárá. Orin méje ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, gìtá ló gba iwájú, àyè oríkì olówó sì kéré. Ó dùn, a kò jiyàn. Mo ní in nílé. Òun gan-an sì ni orin tí akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fẹ́ kí gbogbo jùjú jẹ́. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé ní 2013 wọ́n gbé Kakadu fúnra rẹ̀ sórí ìtàgé ní MUSON, ní eré onórin tí ó jẹ́ orúkọ ilé àríyá náà, níbi tí òǹwòran ti jókòó lórí àga tí ó kọjú sí iwájú.

Mo ti dá iṣẹ́ náà padà fún ọmọ náà. Mo ní kí ó tún gbọ́ ojú kejì àwo náà, kí ó kọ gbogbo orúkọ tí ó bá gbọ́ sílẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí gángan sọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.