Ẹ Fọ Aṣọ Náà Kí Ẹ Tó Fún Un Ní Máàkì

Ìró àdìrẹ kan wà nínú àpótí mi ní Àkóbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ró jáde. Èmi ni mo ṣe é ní ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà aṣọ ní yunifásítì. Bátànì Ìbàdàndùn ni mo yà sí i: àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Máàkì tó dára ni wọ́n fún mi. Ìgbà tí ìyá mi ró o lọ sí ìdúpẹ́ ni aró gba ara búláòsì funfun wọn kan.

Sáà kan gbáko la fi ya bátànì sórí bébà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la dé ìdí ìkòkò aró, kẹ́míkà inú ọ̀rá la sì dà sínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìdí ìkòkò ni iṣẹ́ wà. Aró inú èlú kì í yọ́ sínú omi lásán. Aláró á sẹ́ omi eérú, á kó èlú sí i, á sì dé e títí yóò fi kan. Ìgbà tó bá kan ni aró tó lè wọ inú òwú. Bí wọ́n bá fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú wa. Aṣọ á tún padà sínú ìkòkò, léraléra. Bí ìkòkò kò bá kan dáadáa, ojú aṣọ lásán ni aró máa lẹ̀ mọ́, ara búláòsì ìyá ẹni ni yóò sì bọ́ sí.

N kò ní kí a pa yunifásítì tì o. Mo ti jókòó ti ìyá aládìrẹ kan tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí a kì í gbé aró yìí kaná?” Wọ́n ní, “Èèwọ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ parí. Olùkọ́ wa ló là á yé mi pé omi gbígbóná yóò yọ ẹ̀kọ náà kúrò, bátànì á sì bàjẹ́.

Nike Davies-Okundaye, tí ìdílé rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, tí kò rí yunifásítì wọ̀, ni àwọn ará Amẹ́ríkà pè ní 1974 kí ó wá kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ Haystack ní ìpínlẹ̀ Maine. Ní 1983 ó dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ìdí ìkòkò sì ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ó yẹ kí Maine ṣáájú wa pe irú wọn?

Bí èmi bá ni olùdánwò, abọ́ omi, ọṣẹ àti aṣọ funfun ni n ó gbé wọlé. A ó fọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó fi aṣọ funfun nù ún, kí a tó máa sọ̀rọ̀ bátànì. Tèmi ì bá gba òdo, búláòsì ìyá mi ì bá sì wà ní funfun.