Ìsọ̀rọ̀gbèsì nínú Sinimá Ogun Olówó Kékeré: Àgbéyẹ̀wò *The Steel Helmet*

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ipò tí ó yẹ kí á fi sinimá ogun tí ń jẹ́ *The Steel Helmet* sí. Samuel Fuller ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì darí rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1951 ni ó jáde, nígbà tí ogun Kòríà tí ó dá lé lórí kò tíì pé ọdún kan. Ó rọrùn láti kà á sí eré ìbọn-ríró lásán. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí.

Lóòótọ́, owó rẹ̀ kò pọ̀. Nǹkan bí 104,000 dọ́là ni ó ná wọn, ọjọ́ 10 péré ni wọ́n sì fi yà á. Ọgbà Griffith Park ní Los Angeles ni wọ́n sọ di Kòríà. Ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n kó jọ ṣe ọmọ ogun. Pákó ni wọ́n fi kan táǹkì. Nígbà ìjà ńlá tí ó kẹ́yìn, wọ́n lẹ àwòrán ogun gidi mọ́ tiwọn, ojú àlẹ̀mọ́ sì hàn kedere. A kò ní torí pé a fẹ́ràn iṣẹ́ náà kí á gbójú fo èyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó ìbọn yóò wá nǹkan mìíràn fi mú òǹwòran. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni Fuller fi mú wọn. Ó há àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ mọ́ inú tẹ́ḿpìlì Búdà kan: Sájẹ́ǹtì Zack tí ọkàn rẹ̀ ti yigbì, Thompson, aláwọ̀ dúdú tí ń tọ́jú ọgbẹ́, Tanaka, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ti Jàpáànù wá, àti ọ̀gá ológun kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá, tí wọ́n mú lóǹdè.

Bí Thompson ti ń tọ́jú ọgbẹ́ òǹdè yìí ni ó ń bi í léèrè ìdí tí ó fi ń jà fún ilẹ̀ tí kò ti lè bá aláwọ̀ funfun jẹun pọ̀, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni àyè rẹ̀. Thompson kò jiyàn. Ó ní ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, òun kò tilẹ̀ lè wọ bọ́ọ̀sì rárá. Bóyá ní àádọ́ta ọdún sí i òun yóò jókòó sí àárín. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí a kì í kánjú ṣe. (Ní 1955, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Montgomery kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Wọn kò dúró de àádọ́ta ọdún.) Òǹdè kọjú sí Tanaka, ó rán an létí àgọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ẹ̀yà Jàpáànù bí 120,000 sí láti ọdún 1942. Ìdáhùn Tanaka ni pé ọmọ Amẹ́ríkà ni òun, àti pé bí wọ́n bá ń fìyà jẹ àwọn nílé, ọ̀rọ̀ ilé àwọn ni.

Ìsọ̀rọ̀gbèsì yìí ni ọ̀pómúléró eré náà. Ẹnu ọ̀tá ni òǹkọ̀wé fi òtítọ́ sí, àwọn tí a fẹ́ràn kò sì rí i já ní koro. Sinimá tí ó bá fẹ́ polongo ogun kì í ṣe báyìí. Àwa olùdánwò mọ bí ó ti máa ń yá wa lára tó láti béèrè ẹ̀kọ́ tí eré kan kọ́ni. Níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'ìfẹ́ orílẹ̀-èdè' àti èyí tí ó bá kọ 'ìrẹ́jẹ' ni yóò rí ẹ̀rí tọ́ka sí. Ta ni a ó gé ní máàkì nínú àwọn méjèèjì?

Ibi tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ti bínú jù ni ikú òǹdè yìí. Short Round, ọmọdékùnrin Kòríà tí ó tú Zack sílẹ̀ nínú ìdè, kọ àdúrà sínú ìwé, ó ní kí Búdà jẹ́ kí Zack fẹ́ràn òun. Lẹ́yìn tí ìbọn pa ọmọ náà, òǹdè fi àdúrà yẹn ṣẹ̀sín, Zack sì yìnbọn lù ú. Wọ́n bi Fuller léèrè irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Èsì rẹ̀ ni pé ó ṣẹlẹ̀ lójú ogun. Ó sì mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí ó ti jà ní Áfíríkà Àríwá, ní Sicily àti ní Normandy nínú ogun àgbáyé kejì.

Nígbà tí ìjà parí, Zack gbé àṣíborí rẹ̀ lé sàréè ọ̀gá rẹ̀ tí ó ti bẹ̀ ẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, tí òun sì kọ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù kọrí sí ọ̀nà. Dípò kí á kà pé eré parí, ohun tí a kọ sójú sinimá ni pé ìtàn yìí kò lópin.