Àtúnṣe tí kò da iṣẹ́ oníṣẹ́ rú: lámèyítọ́ lórí OpenStackClient

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sọ Ṣómólú di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Èkó. Ẹni tó bá ti gbéṣẹ́ fún òǹtẹ̀wé níbẹ̀ rí mọ̀ pé kí wọ́n tó ṣe pélétì ló yẹ kí á ti ka iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀. Bí pélétì bá ti jáde, àtúnṣe lẹ́tà kan ṣoṣo ti di owó. Òdiwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wo OpenStackClient, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń tẹ àṣẹ sí lójú terminal láti fi darí cloud. Èrò mi ni pé bí àwọn tó ń kọ irú ètò báyìí ṣe ń yí ohun àtijọ́ padà láìpa ẹni tó ti gbára lé e lára ni a fi ń mọ ọ̀gá láàárín wọn.

Ní ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ Rackspace àti NASA, àjọ ìwádìí òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dá OpenStack sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ cloud tirẹ̀, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á tàbí tún un ṣe. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀: nova fún sáfà, glance fún image tí à ń fi dá sáfà sílẹ̀, cinder fún dísíìkì, keystone fún orúkọ àwọn aṣàmúlò. Ẹni tó fẹ́ dá sáfà sílẹ̀ á tẹ “nova boot”. Ẹni tó fẹ́ fi image pamọ́ á tẹ “glance image-create”. Ohun tí o mọ̀ nípa ọ̀kan kò wúlò fún èkejì. Ní 2012, Dean Troyer bẹ̀rẹ̀ OpenStackClient láti kó gbogbo wọn sábẹ́ ìlànà kan: orúkọ nǹkan á ṣáájú, ohun tí a fẹ́ fi ṣe á tẹ̀lé e. “openstack server create”, “openstack image create”, “openstack volume create”. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyókù.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ àwọn àṣẹ kan lórúkọ kò wo ilé dáadáa. Ẹ wo “openstack snapshot create”. Snapshot kí ni? A lè ya ti dísíìkì, a sì lè ya ti sáfà. Àṣẹ náà kò sọ pé ti dísíìkì ni òun ń ṣe. Wọ́n wá yí i sí “openstack volume snapshot create”. Bákan náà ni “ip floating” di “floating ip”. Ohun tó wú mi lórí ni sùúrù tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà náà, ẹni tó bá tẹ orúkọ àtijọ́ ṣì ń rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ á jáde, á sì tọ́ka orúkọ tuntun fún un. Ìgbà tí ẹ̀dà 4.0.0 jáde ní 2019 ni wọ́n tó yọ orúkọ àtijọ́ kúrò pátápátá. Ìdí sùúrù yẹn ni pé ọ̀pọ̀ irú àṣẹ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú skíríìtì tó ń dá ṣiṣẹ́ lóru láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Skíríìtì wọ̀nyí ni pélétì tó ti jáde.

Àyípadà kejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ ojú kan ṣoṣo tí aṣàmúlò ń rí, OpenStackClient ṣì ń gba inú líbúrárì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọjá, iṣẹ́ kan náà sì ń di ṣíṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n pinnu láti kó àwọn àṣẹ náà lọ sórí líbúrárì kan, openstacksdk. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ lọ, ti image tẹ̀lé e, ti sáfà sì lọ díẹ̀díẹ̀. Àtúnṣe kan lè dá lórí “server pause” àti “server unpause” nìkan. Á lọ sórí Gerrit, níbi tí àwọn àgbà iṣẹ́ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Zuul, ètò tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀, á dán an wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó wọlé. Ìpín kéékèèké yìí dára gan-an, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè gbé ọ̀kan kó sì parí rẹ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni àlàyé tó ń bá a rìn. Púpọ̀ nínú wọn kò ju gbólóhùn kan tó ní àṣẹ báyìí ti bọ́ sórí SDK. Ẹni tí skíríìtì rẹ̀ ń ka èsì àṣẹ náà fẹ́ mọ̀ bóyá èsì yẹn yí padà, kò sì rí ìdáhùn kankan kà.

Ojú Bàrígà, àdúgbò wa ní Èkó, ni mo fi rí àbùkù kejì. Bí ènìyàn bá tẹ “openstack server list” níbi tó ti ń fi fóònù pín dátà fún kọ̀ǹpútà, ètò náà á kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ keystone, á béèrè àwọn sáfà, á sì tún lọ wá orúkọ image àti flavor (ìwọ̀n sáfà) wọn, kó má baà jẹ́ ID lásán la ó rí. Ẹni tó bá fi “-n” sí i á fo ìwákiri orúkọ yẹn. Ọ̀nà àbáyọ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ fẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ dá wá a kàn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni terminal ń gbé. Ó fúyẹ́ ju Horizon, ojú-ewé tí à ń fi bíráúsà ṣí, lọ fíìfíì.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, Open Source Community Africa pe àwọn oníṣẹ́ kóòdù jọ sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ kóòdù tó wà ní gbangba. A ní àwọn ènìyàn tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Yunifásítì Èkó wà ní Akoka, ẹsẹ̀ lásán ló gbà láti Bàrígà. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ládùúgbò wa ni pé kí wọ́n má ka títún kóòdù ṣe sí iṣẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn. Kí wọ́n gbé àṣẹ kékeré kan, kí wọ́n sì kọ ìdí àtúnṣe wọn síbẹ̀ ní kíkún. Kí wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò pẹ̀lú, kí wọ́n máa béèrè iye ìgbà tí àṣẹ kan ń lọ tó ń bọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà ló máa ń tètè rántí ìbéèrè yẹn, ètò náà á sì dára sí i fún gbogbo ẹni tó ń lò ó níbi gbogbo.